Òṣèrébìnrin tí ìjọba ológun sọ pé kì í ṣe ọmọ ìlú mọ́: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan láti ilẹ̀ Gíríìsì

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1967, òṣèrébìnrin ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì kan bẹ̀rẹ̀ eré olórin kan ní Broadway, àdúgbò àwọn tíátà ńlá ní New York. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwọn kọ́nẹ́ẹ̀lì kan kó ọkọ̀ ogun jáde sí ìgboro Áténì kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n gba ìjọba, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn olóṣèlú àti òǹkọ̀wé sí àtìmọ́lé. Obìnrin náà kò sí nílé. Ohun tó ṣe láàárín oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, àti ohun tí wọ́n fi dá a lóhùn, ló sọ ọ́ di ẹlòmíràn. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ ìpolongo àti ìjàfẹ́tọ̀ọ́, àti fún àwọn òṣèré tó ń rò ó bóyá kí àwọn náà dá sí ọ̀rọ̀ ìlú.

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ fíìmù àtijọ́ yóò ti mọ̀ ọ́n kó tó kà á dé ìdajì, kò sì burú. Ṣùgbọ́n orúkọ ńlá máa ń jẹ́ kí èèyàn sọ pé, "Ìyẹn tóbi jù mí lọ, tèmi ò lè rí bẹ́ẹ̀." Ohun tó ṣe ni mo fẹ́ kí á wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Áténì ni wọ́n ti bí i ní 1920, inú ilé òṣèlú sì ni. Bàbá bàbá rẹ̀ ṣe olórí ìlú Áténì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bàbá rẹ̀ jókòó nílé aṣòfin. Òun fúnra rẹ̀ yan tíátà. Orí ìtàgé làwọn ará ilé ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà ló bọ́ sínú fíìmù ní 1955. Fíìmù tó ṣe ní 1960, níbi tó ti ṣe aṣẹ́wó kan tí inú rẹ̀ máa ń dùn ní èbúté Piraeus, ló gbé e káyé. Ó gba àmì ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó dára jù níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń du Oscar. Ọkùnrin tó darí fíìmù náà, ọmọ Amẹ́ríkà, fẹ́ ẹ ní 1966. Ọkùnrin yìí ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ìjọba lè fi iṣẹ́ èèyàn ṣe: wọ́n fẹ̀sùn kan án pé ó jẹ́ kọ́múníìsì, Hollywood ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó sì di ará Yúróòpù tipátipá.

Mo sọ èyí nítorí àròsọ kan tó wọ́pọ̀ nípa irú èèyàn bẹ́ẹ̀: pé òṣèré ni, kò mọ nǹkan kan nípa òṣèlú, àfi lọ́jọ́ kan tí ojú rẹ̀ ṣí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nídìí tábìlì oúnjẹ ilé wọn ló ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìbò. Ohun tí kò tíì ní ni ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi gbà á gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Àṣìṣe àwọn ológun

Láti ìgbà tí ìròyìn ìfipágbàjọba ti dé New York ló ti ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ lòdì sí àwọn kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi ojú àwọn ológun wò ó. Lójú wọn, obìnrin kan wà lókè òkun tó ń kọrin tó ń jó lálalẹ́ ní Broadway, tó ń gba owó dọ́là, tó sì ń sọ pé ìlú òun ń jìyà. Ká ní wọ́n dákẹ́ ni, kí ni ìbá ṣẹlẹ̀? Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ìbá rọlẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Ìwé ìròyìn ìbá rí òṣèré mìíràn tó ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn ará ilé tó wà lábẹ́ ìbọn gan-an lè bi í pé, "Kí ló kàn ọ́? Ìwọ ṣáà wà ní Amẹ́ríkà."

Wọn ò dákẹ́. Ní oṣù keje ọdún 1967, ìjọba ológun gba ẹ̀tọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní rẹ̀. Stylianos Pattakos, ọ̀gá ológun tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, ló wà nídìí àṣẹ náà. Èsì tó fọ̀ kò ju ìlà méjì lọ: Gíríìkì ni wọ́n bí òun, Gíríìkì ni òun yóò kú, fásíìsì ni wọ́n bí Pattakos, fásíìsì ni yóò sì kú.

Kókó àkọ́kọ́ nìyí, mo sì fẹ́ kí á dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ṣáájú àṣẹ yẹn, ẹlẹ́rìí láti òkèèrè ni; ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ fún un ló ń tún sọ. Lẹ́yìn àṣẹ náà, ara rẹ̀ di ẹ̀rí. Oníròyìn kò nílò láti wá ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n lù nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Áténì kó tó ní ìtàn láti kọ. Obìnrin tí gbogbo ayé ti rí nínú fíìmù wà níwájú rẹ̀, kò sì ní orílẹ̀-èdè mọ́. Àwọn ológun ló fi ọwọ́ ara wọn fún un ní ohun tí òkìkí kò lè rà.

Ẹ tún wo bí èsì yẹn ṣe rí. Kò ṣàlàyé òfin orílẹ̀-èdè, kò dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan. Ó mú ohun tí wọ́n sọ pé àwọn gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kò sí lọ́wọ́ wọn láti gbà. Èdè òṣèré ni, gbólóhùn tí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá nínú gbọ̀ngàn lè gbọ́ kó sì rántí. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń kọ ìwé fún ìpolongo ni ìbá ti tẹ ojú ìwé mẹ́rin jáde.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn dídùn kì í gbé ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ọdún méje ni ìgbèkùn náà gbà. Ó fi Paris ṣe ibùgbé, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń kọrin, ó ń sọ̀rọ̀ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ó ń kówó jọ. Ní 1969 wọ́n gbìyànjú láti pa á ní Genoa, ní ilẹ̀ Ítálì. Ó yè é, kò sì dáwọ́ dúró.

Lákòókò kan náà, iṣẹ́ mìíràn ń lọ tí kò ní ariwo. Denmark, Norway, Sweden àti Netherlands gbé ìjọba Gíríìsì lọ síwájú Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù. Àwọn agbẹjọ́rò gba ẹ̀rí lẹ́nu àwọn tí wọ́n fìyà jẹ lẹ́wọ̀n, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí oṣù kejìlá ọdún 1969 fi máa dé, ẹ̀rí náà ti pọ̀ débi pé Gíríìsì fúnra rẹ̀ jáde kúrò nínú Council of Europe, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ni ìgbìmọ̀ yẹn, kí wọ́n tó lé e. Òṣèré wa kọ́ ló kọ ìwé ẹjọ́ yẹn, kò sì sọ pé òun ló kọ ọ́. Ohun tí òun àti irú rẹ̀ ṣe ni pé wọn ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu aráàlú Yúróòpù, tí ó fi ṣòro fún mínísítà kan láti ti fáìlì náà sí abẹ́ tábìlì. Oríṣi iṣẹ́ méjèèjì nílò ara wọn. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó ní agbẹjọ́rò láìní ohùn, mo sì ti rí èyí tó ní ohùn láìní ìwé kan ṣoṣo lọ́wọ́. Kò sí èyí tó débì kan.

Kí á má ṣe tan ara wa jẹ náà: kì í ṣe ìpolongo láti òkèèrè ló wó ìjọba ológun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Polytechnic ní Áténì ti fi ẹ̀mí wewu ní oṣù kọkànlá ọdún 1973. Lẹ́yìn náà, ní oṣù keje ọdún 1974, ìjọba náà lọ́wọ́ sí ìdìtẹ̀ kan ní Cyprus, Túkì kó ọmọ ogun wọ erékùṣù náà, ìjọba ológun sì tú ká láàárín ọjọ́ díẹ̀. Obìnrin náà padà sílé kí oṣù náà tó parí.

Lẹ́yìn àtẹ́wọ́

Ibí ni àwọn púpọ̀ ti máa ń jáwọ́, ibí sì ni mo rò pé iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gan-an.

Ó lè padà sídìí fíìmù kó sì máa jẹ orúkọ ìgbèkùn títí ayé. Dípò bẹ́ẹ̀, ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ òṣèlú PASOK sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1974, ó sì du ipò aṣòfin ní Piraeus, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ èbúté, ìlú tí fíìmù yẹn ti sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká. Ó fìdí rẹmi pẹ̀lú ìbò díẹ̀. Ẹ rò ó wò: gbogbo Yúróòpù ti dìde pàtẹ́wọ́ fún un, àwọn ará Piraeus sì sọ pé kò tíì tó. Ní 1977 ó padà lọ síbẹ̀ kan náà láti bẹ̀ wọ́n fún ìbò. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n yàn án.

Tí ẹnì kan bá bi mí ìgbà tí òṣèré yìí di ajàfẹ́tọ̀ọ́, n kò ní mú 1967. Láàárín ìbò tó pàdánù àti èyí tó wọlé ni n ó mú, nítorí ibẹ̀ ló ti gbà pé ìyìn tó gbà lórí ìtàgé kì í ṣe gbèsè tí aráàlú jẹ òun. Òkìkí dà bí ìwé ìpè síbi àríyá: ó ń mú ọ wọlé, àmọ́ kò sọ ibi tí wàá jókòó sí.

Mínísítà

PASOK wọlé ìbò ní oṣù kẹwàá ọdún 1981, wọ́n sì fi í ṣe mínísítà àṣà. Ipò tí àwọn olóṣèlú gidi kì í jà sí ni, owó ibẹ̀ kéré. Ó lò ó fún ọdún mẹ́jọ. Wọ́n dá tíátà sílẹ̀ lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn ìlú tó jìnnà sí Áténì, kí ará ìgbèríko lè wo eré láìrin ìrìn àjò. Èyí ló jọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ jù, kò sì ní wàhálà púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀.

Ohun tó le ni ti àwọn òkúta mábù Parthenon, tẹ́ńpìlì àtijọ́ tó wà lórí òkè Acropolis ní Áténì. Láti 1801 ni àwọn òṣìṣẹ́ Lord Elgin, aṣojú ìlú Gẹ̀ẹ́sì sí ìjọba Ottoman tó ń ṣàkóso Gíríìsì nígbà náà, ti ń já àwọn ère kúrò lára tẹ́ńpìlì náà. Ní 1816 ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì rà wọ́n ní £35,000, wọ́n sì kó wọn sí British Museum. Nǹkan bí ìdajì ohun tó ṣẹ́ kù lára ère Parthenon ló wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn mìíràn ti bèèrè fún wọn ṣáájú rẹ̀. Òun ló sọ ìbéèrè náà di iṣẹ́ ìjọba.

Ìpàdé UNESCO lórí àṣà, tó wáyé ní ìlú Mẹ́síkò ní 1982, ló ti kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn orílẹ̀-èdè ayé, ìpàdé náà sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n dá wọn padà. Lẹ́yìn èyí ni Gíríìsì fi ìwé ránṣẹ́ sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1984, Lọ́ńdọ̀nù kọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń bèèrè ohun ìṣẹ̀ǹbáyé padà kíyè sí nìyí, pàápàá àwa tí a mọ ohun tí wọ́n kó ní Benin ní 1897: ó dín ìbéèrè rẹ̀ kù. Ìbẹ̀rù tó wà lọ́kàn àwọn alákòóso mùsíọ́ọ̀mù ni pé tí wọ́n bá dá ohun kan padà, gbogbo ayé á dé pẹ̀lú àpò, ilé á sì ṣófo. Ó sọ fún wọn léraléra pé kì í ṣe gbogbo ohun Gíríìsì tó wà káàkiri ayé ni àwọn ń bèèrè. Ilé kan ṣoṣo ni, tó ṣì dúró lórí òkè rẹ̀, tí wọ́n gé lára rẹ̀ mú lọ. Apá kan ara ló ń bèèrè, kì í ṣe ẹrù inú ilé. Ẹni tó ń bínú kì í fẹ́ dín ohun tó ń bèèrè kù, ó máa ń dà bí ìjọ̀wọ́. Òun ṣe é, ó sì jẹ́ kí ìbéèrè náà ṣòro láti fi ẹ̀rín dá lóhùn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1986 ó lọ sọ̀rọ̀ ní Oxford Union, ẹgbẹ́ àríyànjiyàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ náà, tó gbà á lálejò, ni Boris Johnson, akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, tó ti kọ̀wé pé kí wọ́n dá àwọn òkúta náà padà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìbò, ìhà tirẹ̀ ló borí. Ọdún márùndínlógójì lẹ́yìn náà, Johnson ti di olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọ fún ìwé ìròyìn Gíríìsì kan pé lọ́nà òfin ni wọ́n fi gba àwọn òkúta náà. N kò sọ ìyẹn láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ (tàbí kí n sọ pé kì í ṣe nítorí ìyẹn nìkan). Àwọn olùgbọ́ tó rọrùn fún òṣèré láti yí lọ́kàn padà kì í sábà jẹ́ àwọn tó ní kọ́kọ́rọ́. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1963 kò jẹ́ kí àwọn alákòóso British Museum fi ohun tó wà lọ́wọ́ wọn tọrẹ, àfi nítorí ìdí díẹ̀. Ká tiẹ̀ sọ pé gbogbo wọn sunkún nígbà tó ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ wọn dì. Ilé aṣòfin ló lè tú u. Bí mo ṣe kà á, èyí ni àlàfo tó tóbi jù nínú ìpolongo náà: agbára rẹ̀ pọ̀ lójú aráàlú àti lójú mùsíọ́ọ̀mù, ó kéré láàárín àwọn tó lè yí òfin 1963 padà.

Ibi tó ti rí ọ̀nà ni àwáwí. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù máa ń sọ pé Áténì kò ní ibi tó dára láti kó wọn sí, pé èéfín ọkọ̀ á jẹ wọ́n. Ó lè máa fi ẹnu jà sí i títí. Ṣùgbọ́n ní 1989 ilé iṣẹ́ rẹ̀ pe àwọn ayàwòrán-ilé láti gbogbo ayé sí ìdíje láti ya mùsíọ́ọ̀mù tuntun sí ẹsẹ̀ òkè Acropolis. Kò fojú rí i. Wọ́n ṣí i ní oṣù kẹfà ọdún 2009. Nínú gbọ̀ngàn òkè rẹ̀, wọ́n to àwọn ère Parthenon bí wọ́n ṣe wà lára tẹ́ńpìlì, wọ́n sì fi àwòkọ funfun dí ibi tí àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù yẹ kó wà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá tún sọ pé kò sí ibi tí wọ́n á kó wọn sí ń dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

Iṣẹ́ mìíràn wà tí àwọn èèyàn kì í sábà so mọ́ orúkọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló yọrí sí rere jù. Ó dábàá fún àwọn mínísítà àṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yúróòpù, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Jack Lang ti ilẹ̀ Faransé, pé kí wọ́n máa yan ìlú kan lọ́dọọdún láti jẹ́ ìlú àṣà Yúróòpù. Wọ́n gbà. Áténì ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ní 1985, Florence tẹ̀ lé e, Amsterdam, Berlin, Paris, lẹ́yìn náà Glasgow ní 1990. Wọ́n ṣì ń ṣe é dòní. Ẹ fi í wé ti òkúta mábù. Obìnrin kan náà, ohùn kan náà, láàárín ọdún kan náà. Ní ti èkíní, ó ní kí ẹnì kan yọ nǹkan lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ní ti èkejì, ẹni tó bá gbà yóò ní ìpín tirẹ̀ nígbà tó bá kàn án. Tí a bá jókòó láti ṣètò ìpolongo, mo rò pé ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú èyí tó máa ń jẹ wá lọ́kàn, ìyẹn ta ni gbajúmọ̀ tí a máa pè, ni èyí: irú ohun wo là ń bèèrè, kí sì ni ẹni tó máa sọ "bẹ́ẹ̀ ni" yóò pàdánù?

Kì í ṣe gbogbo ìdíje ló jẹ. Ní 1990 ó du ipò olórí ìlú Áténì, àga bàbá bàbá rẹ̀, wọn kò yàn án. Ó padà sí ipò mínísítà ní 1993. Ó ti ń mu sìgá gan-an láti ìgbà èwe. Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa á ní New York ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1994, orí àlééfà ló kú sí.

Ọkọ rẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa bá ọ̀rọ̀ òkúta náà lọ, ìjọba kọ̀ọ̀kan tó sì ti jẹ ní Gíríìsì láti ìgbà náà, ti apá òsì tàbí ti apá ọ̀tún, ló ń bèèrè fún wọn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà nísinsìnyí ti yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n ń wá àwọn tó ní ẹyọ kéékèèké lọ́wọ́, tí kò sí irú òfin 1963 tó dè wọ́n. Ní 2022, Palermo ní ilẹ̀ Ítálì fi ẹ̀yà kan sílẹ̀ fún Áténì títí láé. Ní 2023, Póòpù Francis dá ẹ̀yà mẹ́ta padà láti Vatican. Gbogbo èyí wà nínú gbọ̀ngàn òkè nísinsìnyí, a sì ti yọ àwòkọ tó wà níbi tí wọ́n bọ́ sí. Lọ́ńdọ̀nù ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa yíyá Áténì ní àwọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.